Ìtàn Wíwá Alátìlẹ́yìn Module Nínú Ètò Linux

1. Ìfáàrà

Láti ọdún 1991 tí Linus Torvalds ti gbé Linux jáde ní ìlú Helsinki ni kernel rẹ̀, èyí tí í ṣe ọkàn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń gbòòrò sí i. Kí ó má baà wúwo jù, a pín ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí module, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí a lè so mọ́ ọn nígbà tí a bá nílò wọn. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Níbi tí ext4, tí ó ń ka fáìlì orí dísìkì, bá ti jẹ́ module, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí jbd2 àti mbcache. Gbogbo irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú initramfs, ìdì fáìlì kékeré tí kernel ń lò kí ó tó dé orí dísìkì gan-an. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti jí. Àlàyé pépà yìí ni pé ohun tí ó mú kí wíwá alátìlẹ́yìn yá ju agbára ẹ̀rọ lọ ni pé àwọn oníṣẹ́ ètò dẹ́kun títún iṣẹ́ kan náà ṣe.

2. Ìwé àti Atọ́ka

Depmod ni ìpìlẹ̀. Ó ń yẹ module kọ̀ọ̀kan wò láti mọ ohun tí ó ń pèsè fún òmíràn àti ohun tí òun náà ń tọrọ, ó sì ń kọ àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì modules.dep. Nígbà tí kernel 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, module-init-tools tí Rusty Russell kọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àbùkù ibẹ̀ ni pé modprobe ní láti ka ìwé náà ní ìlà dé ìlà kí ó tó bá èyí tí ó ń wá. Nígbà tí ó yá, depmod bẹ̀rẹ̀ sí í kọ modules.dep.bin pẹ̀lú. Nínú atọ́ka yìí, lẹ́tà dé lẹ́tà ni a ń tọ orúkọ, bí ẹni tí ń ti orí ẹ̀ka bọ́ sí orí ẹ̀ka títí dé ibi èso, láìka ìyókù.

3. Ìpè Kan fún Ìbéèrè Púpọ̀

Atọ́ka nìkan kò tó. Dracut, tí Fedora 12 fi ń ṣe initramfs ní ọdún 2009, máa ń pe modprobe léraléra. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, modprobe á dìde, á ṣí atọ́ka, á dáhùn, á sì parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Lucas De Marchi gbé kmod jáde láti rọ́pò module-init-tools. Libkmod inú rẹ̀ jẹ́ àkójọ iṣẹ́ tí ètò mìíràn lè pè fúnra rẹ̀. Ètò bẹ́ẹ̀ lè ṣí atọ́ka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì béèrè iye ìgbà tí ó bá fẹ́. Udev gba ọ̀nà yìí ní ọdún 2012. Dracut-install, tí a fi èdè C kọ, tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìyára ní gbèsè tirẹ̀. Bí a bá fi module tuntun kún ti àtijọ́ tí a kò sì pe depmod, atọ́ka yóò dáhùn kíákíá, ṣùgbọ́n ìdáhùn àná ni. Bákan náà, àwọn alátìlẹ́yìn kan wà tí àyẹ̀wò depmod kò lè fúnra rẹ̀ rí. Ẹni tí ó kọ module ni yóò kéde wọn, kí depmod tó lè kọ wọ́n sínú modules.softdep. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe initramfs kò gbọdọ̀ fi ìyára nìkan díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Ìdì tí a tètè ṣe, tí alátìlẹ́yìn kan sì kù nínú rẹ̀, kò wúlò fún kọ̀ǹpútà tí kò lè jí.