Ẹndometríósíìsì: họ́mónù, ẹ̀gbin àyíká àti àwọn obìnrin Afijió

Ẹndometríósíìsì ni àìsàn tí awọ tó jọ awọ inú ilé ọmọ fi ń hù síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Bí nǹkan oṣù bá dé, awọ yìí náà a máa wú, a máa ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ojú ibẹ̀ á wú, á dàpá, àwọn ẹ̀yà inú á sì lẹ̀ mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 190 obìnrin ló ní in, ìyẹn bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ.

Ní Fìdítì àti Ìlọrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àgbo inú rírun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù bá ń dá lóró, àwọn àgbà á sì ní bó bá ti bímọ, yóò lọ. Ìmọ̀ràn tó nira láti tẹ̀ lé nìyẹn, nítorí àìrọ́mọbí wà lára ohun tí àìsàn yìí ń fà. Àwọn dókítà pàápàá kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé àìsàn obìnrin aláwọ̀ funfun ni, títí di ọdún 1976 tí dókítà Donald Chatman ní Chicago fi hàn pé, nínú àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n ń tọ́jú fún àkóràn inú ilé ọmọ, ẹndometríósíìsì ló ń bá àwọn kan jà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 láti Ìbàdàn rí i lára àwọn obìnrin tó sún mọ́ ìdajì nínú àwọn tí wọ́n yẹ inú wọn wò, pàápàá nítorí àìrọ́mọbí.

Ẹ́sítírójìn ni oúnjẹ àìsàn yìí. Awọ tó ṣìnà náà tilẹ̀ ń ṣe ẹ́sítírójìn tirẹ̀, ó ń lo èròjà tí wọ́n ń pè ní aromatase. Projẹ́sítírónì tó yẹ kó kó o níjàánu, awọ náà kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fúnni ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí láti dẹ ìrora lójú, tí ara sì sábà máa ń tu obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá. Ní àwọn ọdún 1920, dókítà John Sampson sọ pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó ń ṣàn padà sínú ikùn ló ń gbìn ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin ló ń ṣàn padà báyìí, tí àìsàn kò sì mú wọn. Kí ló wá ya àwọn tó mú sọ́tọ̀? Àjogúnbá àti àwọn ọmọ ogun ara kó ipa. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin àyíká ti wọlé.

Dáyọ́síìnì ni wọ́n fura sí jù. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: inú èéfín ike àti pàǹtí tí wọ́n ń sun ló ti ń jáde. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ lórí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ti fún ní dáyọ́síìnì nínú oúnjẹ fún bí ọdún mẹ́rin. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, bí ìwọ̀n tí wọ́n jẹ ṣe pọ̀ tó ni ẹndometríósíìsì wọn ṣe le tó. Ọ̀bọ náà kò pọ̀, èèyàn kì í sì í ṣe ọ̀bọ. Ní Seveso ní Ítálì, níbi tí dáyọ́síìnì ti tú jáde láti ilé iṣẹ́ kan ní 1976, àmì tí wọ́n rí lára àwọn obìnrin ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi dájọ́.

Ti oògùn oko sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá kò ní í gbàgbé Gamalín 20. Líńdéènì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yà kan nínú ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní HCH. Ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní 2013 so ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé yìí, tó máa ń pẹ́ nínú ọ̀rá ara, mọ́ ewu ẹndometríósíìsì. Ìlọrà ní ibùdó àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀, oògùn apakoríko sì ti rọ́pò ọkọ́ lọ́pọ̀ oko. Àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi oṣù kìíní ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún atrazine. Nínú yàrá ìwádìí, atrazine máa ń ru aromatase sókè nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan. Láti ibẹ̀ dé orí pé òun ló fa inú rírun ìyàwó àgbẹ̀ ṣì jìnnà púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Èsì ìwádìí lórí àwọn èròjà tó ń mú ike rọ̀ náà kò bára mu.

Oúnjẹ ni dáyọ́síìnì ń gbà wọ ara jù, pàápàá ẹran, ẹja àti wàrà, bó bá sì ti wọlé, ó lè lo ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Nítorí náà, pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà jó àti ààtàn tí wọ́n ń dáná sun lẹ́yìn ilé tó ohun tó yẹ kí á jáwọ́ nínú wọn, ẹndometríósíìsì ì báà máà sí níbẹ̀ rárá.

Obìnrin Afijió tó bá fẹ́ mọ̀ dájú lè ní láti lọ sí Ìbàdàn, níbi tí dókítà lè dá ihò kékeré sí ikùn, kí ó sì fi kámẹ́rà tín-ínrín wo inú. Sikáànù lè rí kókó ẹ̀jẹ̀ lórí ilé ẹyin, ṣùgbọ́n ó lè má rí èyí tó fọ́n káàkiri inú ikùn. Èsì sikáànù tó ní kò sí nǹkan kò parí ọ̀rọ̀ fún ọmọbìnrin tí ìrora ṣì ń dá dúró nílé lóṣooṣù.