Mẹ́dàlì Idẹ Ìrántí: Kíkó Wọn Jọ àti Títò Wọn Sínú Ìwé

Mẹ́dàlì idẹ ìrántí ni àwo idẹ kékeré, roboto lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ya àwòrán sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi rántí ènìyàn kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Kì í ṣe owó, nítorí kò sí ìjọba tó fi iye lé e, a kò sì lè fi í ná ọjà. Kì í sì í ṣe àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fi kọ́ sójà tàbí eléré ìdárayá lọ́rùn. Ohun tí à ń gbé lé àtẹ́lẹwọ́, tí à ń yí padà wò, tí à ń fi tọrẹ fún ọ̀rẹ́ àti alájọṣe ni. Ítálì ni àṣà náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn tí ń kó o jọ kò sì pẹ́ lẹ́yìn àwọn tí ń ṣe é. Ìwé tó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ló pẹ́ kó tó dé, òun náà ló sì sọ kíkó wọn jọ di ẹ̀kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́ ni dídà. Oníṣẹ́ ọnà á fi ìda mọ àwòrán iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á tẹ̀ wọ́n mọ́ iyanrìn tàbí amọ̀ kíkúnná kí àpẹẹrẹ wọn lè dúró síbẹ̀, á wá da idẹ yíyọ́ sáàárín. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ àtijọ́ náà lo ìda, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń yọ́ dànù nínú amọ̀ kí idẹ tó gba ipò rẹ̀, orí kan ṣoṣo ni mọ́ọ̀dù kan sì ń bí. Ní Ítálì, àwòṣe náà sábà máa ń ṣẹ́kù, nítorí náà wọ́n lè da mẹ́dàlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn olùkójọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni lílù. Wọ́n á fín àwòrán sára òǹtẹ̀ irin méjì, wọ́n á fi bàbà tàbí idẹ sáàárín wọn, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ owó ẹyọ. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń dín àwòrán ńlá kù sí kékeré gbòde ní Paris lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣẹ́ ọnà lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tóbi bí àwo oúnjẹ, ẹ̀rọ á sì bá a dín in kù sórí irin.

Ìtàn

Pisanello, ìyẹn Antonio Pisano, ayàwòrán tó kú ní nǹkan bí 1455, ni gbogbo ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́dàlì tó ṣe fún John VIII Palaiologos, olú ọba Constantinople, fẹ̀ tó nǹkan bí 103 mílímítà. Ní iwájú, olú ọba náà kọjú sí ọ̀tún, ó dé fìlà gíga tí ẹnu rẹ̀ yọ ṣóńṣó síwájú, ọ̀rọ̀ Gíríìkì sì yí i ká. Ní ẹ̀yìn, ó gun ẹṣin, ó gbé ọrun àti apó ọfà, ó ń gbàdúrà níwájú àgbélébùú ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà lórí ẹṣin mìíràn tó kẹ́yìn sí wa. Èdè méjì ni Pisanello fi kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, Látìn lókè, Gíríìkì nísàlẹ̀, ó sì pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán nínú méjèèjì.

John wá sí Ítálì láti bá Póòpù sọ̀rọ̀ lórí ìdàpọ̀ ìjọ Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí àwọn Ottoman ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ tán. Ọdún àti ibi tí wọ́n ti ṣe mẹ́dàlì náà ni àríyànjiyàn wà lé. Ferrara ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1438, wọ́n sì gbé e lọ sí Florence níbẹ̀rẹ̀ 1439. Àwọn kan gbà pé Ferrara ni, nítorí pé eré ọdẹ tí olú ọba fẹ́ràn nígbà tó wà níbẹ̀ bá àwòrán ẹ̀yìn mu. Àwọn mìíràn ní Florence ni, wọ́n ka mẹ́dàlì náà sí àjọyọ̀ ìdàpọ̀ tí wọ́n kéde ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje 1439. Àwọn àwòrán tí Pisanello fi ọwọ́ yà nípa olú ọba àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, tí wọ́n wà ní Louvre ní Paris àti ní Art Institute of Chicago, jẹ́ ká gbà pé ó fojú ara rẹ̀ rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ibi tó ti da idẹ. "1438 tàbí 1439" ni àwọn tó ṣọ́ra ń kọ, ó sì yẹ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Pípè é ní mẹ́dàlì àkọ́kọ́ náà gba ìṣọ́ra. Ìdílé Carrara ti ṣe irú rẹ̀ kéékèèké ní Padua nígbà tí wọ́n gba ìlú wọn padà ní 1390. Duke of Berry nílẹ̀ Faransé náà ti ní mẹ́dàlì olú ọba Constantine àti ti Heraclius lọ́wọ́ ṣáájú Pisanello. Ohun tí a lè sọ láìfòyà ni pé ọwọ́ Pisanello ni àṣà náà ti di èyí tí kò dáwọ́ dúró mọ́.

Lẹ́yìn John, àwọn ọmọ aládé kéékèèké Ítálì ló kún iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe fún ìgbéyàwó Leonello d'Este ní 1444 dùn ún wò ju púpọ̀ lọ. Leonello fẹ́ Maria, ọmọ ọba Aragon. Ní ẹ̀yìn mẹ́dàlì náà, kìnnìún kan dúró níwájú Cupid, òrìṣà ìfẹ́ tó jẹ́ ọmọ kékeré, ẹni tó na ìwé orin sí i, tó ń kọ́ ọ ní orin kíkọ. Kìnnìún náà ni Leonello fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kìnnìún kékeré. Ọ̀rọ̀ gígékúrú kan tún wà níbẹ̀ tó ń sọ pé ó ti di àna ọba. Àwọn tó gba mẹ́dàlì yìí lẹ́bùn kò nílò alálàyé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ìgboro náà kò pẹ́ kó tó wọ orí idẹ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1478, ìdílé Pazzi àti àwọn tó bá wọn dìtẹ̀ kọ lu Lorenzo de' Medici àti àbúrò rẹ̀ Giuliano nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Florence. Giuliano kú, Lorenzo sá àsálà. Láàárín ọdún kan náà ni Bertoldo di Giovanni ya mẹ́dàlì rẹ̀: orí ẹ̀gbọ́n gàgàrà lójú kan, orí àbúrò lójú kejì, ìjà sì ń lọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀ wọn níbi pẹpẹ. Lójú ti Lorenzo, wọ́n kọ àlàáfíà ìlú. Lójú ti Giuliano, ọ̀fọ̀ ìlú.

Ní Jámánì, Hans Schwarz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Augsburg ní nǹkan bí 1518. Igi gbígbẹ́ ni wọ́n sábà fi ṣe àwòṣe.

Ní Faransé, Louis XIV sọ mẹ́dàlì di ìwé ìtàn ìjọba. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ọ̀mọ̀wé kan sílẹ̀ ní 1663 tó ń gbèrò ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí wọn yóò fi sára mẹ́dàlì, ìwé ńlá tó tò wọ́n jọ sì jáde ní 1702, pẹ̀lú ìdajì ìtàn àti ìdajì ìyìn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, David d'Angers da àwòrán ojú àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti olóṣèlú ìgbà rẹ̀ tó nǹkan bí 500. Ní Amẹ́ríkà, Society of Medalists bẹ̀rẹ̀ ní 1930 pẹ̀lú iṣẹ́ Laura Gardin Fraser, wọ́n ń fi mẹ́dàlì méjì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì ṣe 129 kí wọ́n tó kógbá wọlé ní 1995. Kíkó àwọn yẹn jọ rọrùn, nítorí nọ́ńbà ti wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé àkójọ

Àwọn mẹ́dàlì Ítálì àtijọ́ kò ní nọ́ńbà kankan. Ọ̀pọ̀ kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, àwọn mìíràn kò ní ọdún. Alfred Armand ní Paris ló kọ́kọ́ tò wọ́n dáadáa, nínú ìwé alápá mẹ́ta tó jáde láàárín 1883 sí 1887. Lẹ́yìn rẹ̀ ni George Francis Hill, olùtọ́jú owó àti mẹ́dàlì ní British Museum, gbé A Corpus of Italian Medals of the Renaissance before Cellini jáde ní 1930, apá méjì: ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, fọ́tò lọ́tọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan mẹ́dàlì tó fún ní nọ́ńbà. Ẹ̀rí bí ìwé náà ṣe lágbára tó wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò: wọn kì í sọ pé mẹ́dàlì Cecilia Gonzaga, "Hill 37" ni wọ́n ń sọ. Èyí tí Hill kò bá sì kọ sílẹ̀, "kò sí nínú Hill" ni wọn yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bóyá láti fi gbé owó rẹ̀ sókè, bóyá láti fi kìlọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Hill 37 yẹn wo bí àkọsílẹ̀ kan ṣe ń lọ. A ó kọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà, ẹni tí wọ́n yà, àti ọdún: Pisanello, Cecilia Gonzaga, 1447. Iwájú: ọ̀dọ́mọbìnrin títí dé àyà, ó kọjú sí òsì. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká: CICILIA VIRGO FILIA IOHANNIS FRANCISCI PRIMI MARCHIONIS MANTVE, tó pè é ní wúńdíá, ọmọ Gianfrancesco, olórí Mantua àkọ́kọ́ tó jẹ́ oyè Marquis. Ẹ̀yìn: ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ dé ìbàdí jókòó lórí òkúta lábẹ́ oṣù lílé, ó gbé ọwọ́ lé ẹranko oníwo kan tó sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, orúkọ Pisanello àti ọdún wà lára òpó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Idẹ, nǹkan bí 87 mílímítà. Lẹ́yìn náà ni ihò, bí wọ́n bá lu ú, àwọ̀ ojú idẹ, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti ni ín rí. Ẹni tó bá ń da ọ̀rọ̀ ara mẹ́dàlì kọ kò gbọdọ̀ tún un ṣe. CICILIA ni wọ́n kọ, CICILIA ni a ó kọ, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń pè é ní Cecilia, nítorí àṣìkọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a ó fi mọ ẹ̀dà kan yàtọ̀ sí èkejì.

Georg Habich ṣe irú iṣẹ́ Hill fún Jámánì láti 1929. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Hawkins ló bẹ̀rẹ̀, ó kú ní 1867, Franks àti Grueber ló bá a parí rẹ̀ ní 1885. Ìwé náà dúró níbi ikú George Kejì ní 1760, ibẹ̀ ni Laurence Brown ti gbà á títí dé 1960, nínú apá mẹ́ta. Ìwé Leonard Forrer, alápá mẹ́jọ, ni a fi ń wá orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn. Lára àkójọ ti ara ẹni, ti Gustave Dreyfus ti Paris ló lókìkí jù. Ó dé ọwọ́ Samuel Kress ní Amẹ́ríkà, ó sì wà ní National Gallery of Art ní Washington láti 1957, pẹ̀lú ìwé tirẹ̀.

Ojúlówó àti àtúndà

Bí ẹnì kan bá tẹ mẹ́dàlì Pisanello mọ́ iyanrìn, tó da idẹ sí i, yóò rí mẹ́dàlì mìíràn. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà àwọn Medici, kì í sì í ṣe jìbìtì nígbà gbogbo. Ẹlòmíràn kàn fẹ́ ní ẹ̀dà ni. Ohun tó ń tú àṣírí ni pé idẹ máa ń súnkì bó ṣe ń tutù, tó ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó yẹ kó fẹ̀ ní 87 mílímítà á wá di 86 tàbí kó dín sí i, àtúndà àtúndà á sì tún kéré jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí kálípà, ohun èlò tí a fi ń wọn fífẹ̀, fi ṣe pàtàkì ju awò amúǹkantóbi lọ. Síbẹ̀, wíwọ̀n nìkan kò tó. Àwọn ojúlówó pàápàá kò dọ́gba, ẹlòmíràn sì máa ń fi etí kún àtúndà kó lè fẹ̀ dé ibi tó yẹ, nítorí náà ó dára kí a wọn àárín àmì méjì lórí àwòrán náà dípò láti etí dé etí. Ojú lẹ́tà tó ti kú, fọ́nrán irun tó ti pọ̀ mọ́ra wọn, àti ihò wínníwínní lára idẹ ni àwọn àmì yòókù.

Ti mẹ́dàlì lílù yàtọ̀. Òǹtẹ̀ irin ń pẹ́ láyé, ilé iṣẹ́ owó ní Paris sì ń lo ti àtijọ́ títí di òní. Àmọ́ láti nǹkan bí 1832 ni wọ́n ti ń lu àmì sí etí mẹ́dàlì: fìtílà, ìdákọ̀ró, imú ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ tó nàka láti 1845 sí 1860, oyin títí di 1879, lẹ́yìn náà ìwo tí èso kún. Mẹ́dàlì Napoleon tí wọ́n kọ 1805 sí lójú, tí ìwo eléso wà létí rẹ̀, kò lè ju 1880 lọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ olùtajà kì í ya fọ́tò etí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya tòótọ́ mọ́ ẹ̀dà nínú ọ̀ràn Lusitania. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló rì ọkọ̀ èrò náà ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún 1915. Karl Goetz ní Munich ṣe mẹ́dàlì tó fi bú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, egungun òkú ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún ló kọ sára rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rí nìyẹn pé wọ́n ti pète rẹ̀ ṣáájú, wọ́n fi irin ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń tà á nínú páálí ní ṣílè kan. Goetz tún tirẹ̀ ṣe sí ọjọ́ keje. Èyí tí oṣù rẹ̀ jẹ́ MAI ni ti Goetz. Èyí tó parí sí Y, London ni.

Àwọn mìíràn wà láàárín owó àti mẹ́dàlì. Ọ̀kan ni ẹyọ bàbà tí ilé òwò Macaulay àti Babington fi ránṣẹ́ sí Sierra Leone: òyìnbó àti adúláwọ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́ ní iwájú, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì kún ẹ̀yìn, ó ń kéde pé òwò ẹrú ti dópin ní 1807. Wọ́n ná an bí owó ní Freetown. Àwọn ìwé owó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ìwé mẹ́dàlì náà kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tọ̀nà.

Ìtọ́jú àti ẹgbẹ́

Àwọn tó fẹ́ràn mẹ́dàlì ní ẹgbẹ́ tiwọn: Fédération Internationale de la Médaille bẹ̀rẹ̀ ní 1937, British Art Medal Society ní 1982. Ní ti ìtọ́jú, a kì í fi ohun ìdán idẹ bíi Brasso nu mẹ́dàlì, nítorí àwọ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ ẹni tó ṣe é. Bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bá ń sú jáde lára rẹ̀, iyọ̀ àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́. Kí a yà á sọ́tọ̀, kí a sì gbé e síbi gbígbẹ. Àwọn olùkójọ àtijọ́ fẹ́ràn àpótí màhógánì, ìbátan ọ̀gánwó wa, nítorí pé igi óòkù ń mú ásíìdì jáde tó ń ba idẹ jẹ́. Ọ̀rá PVC náà kò dára fún un.