Ooru, Ilé àti Ẹ̀kọ́ Yunifásítì: Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Ilé Kíkọ́ fún Ilẹ̀ Olóoru Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ ní yunifásítì mu pẹ̀lú. Ojú ọjọ́ ibi tí ilé yóò wà ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò, kí ó tó pinnu ohun tí yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ooru. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò wo èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀ olóoru lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ yìí tọpa bí àtúnṣe ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan, ibi tí àtúnṣe náà dé, àti ohun tí ó ṣẹ́ kù láti ṣe.

Ooru tí a ń dá dúró àti ooru tí a ń lé

Ìlànà ìṣẹ̀dá kan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ooru a máa ti ibi tí ó gbóná lọ sí ibi tí ó tutù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni ọ̀tá onílé. Olórí iṣẹ́ ilé níbẹ̀ ní ìgbà òtútù ni kí ó má jẹ́ kí ooru tí wọ́n fi owó dá sá jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọn fífẹ̀ ògiri, á wo bí ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ṣe ń jẹ́ kí ooru là á kọjá, á sì fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru inú àti ooru ìta sọ ọ́ di púpọ̀. Bí inú ilé bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ìta sì wà ní òdo, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 20. Ìṣirò yìí bá ibẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n kí a gbé ìṣirò kan náà wá sí Ìbàdàn. Bí inú yàrá bá wà ní 28, tí ìta sì wà ní 30, ìyàtọ̀ kò ju 2 lọ. Ìṣirò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Oòrùn tí ó ń pa òrùlé ni ìṣòro ibẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà gbà kọjá àti òógùn tí kì í tètè gbẹ lára.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan

Ní ọdún 1952, Adédòkun Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ilé yíyà ní Mansẹ́sítà, gbé ọ̀rọ̀ yìí síta pé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ kò bá iṣẹ́ tí ń dúró dè wọ́n nílé mu. Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1953, wọ́n ṣe àpérò lórí ilé kíkọ́ fún ilẹ̀ olóoru ní University College, Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di 1954, ilé-ẹ̀kọ́ Architectural Association dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Maxwell Fry ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Otto Koenigsberger, tí ó ti ṣiṣẹ́ ayàwòrán-ilé fún ìjọba ní Íńdíà, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1971, ẹ̀ka náà ṣí lọ sí University College.

Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Wọ́n kọ́ àwọn ilé tín-ín-rín kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú fèrèsé kan wọlé, kí ó sì gba òdìkejì jáde. Wọ́n fi ògiri onihò dá oòrùn dúró láìdá afẹ́fẹ́ dúró. Èyí já sí pé ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀ di ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà gbójú fò

Ó tọ́ kí a yin àtúnṣe yìí, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Oòrùn, òjò àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé síwájú jù. Ìmọ̀ àwọn mọlémọlé tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè kan náà láti ayébáyé kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Nínú agbo-ilé Yorùbá, ògiri amọ̀ nípọn, kì í sì í tètè jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọlé. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé kì í gbe ooru bíi páànù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo ògiri, àgbàlá sì ń mú ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wọ àárín ilé. Àléébù náà wà níbẹ̀: iná lè jó koríko, ògiri amọ̀ sì lè máa tú ooru ọ̀sán sílẹ̀ lóru. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti gbé méjèèjì lé ìwọ̀n níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní yunifásítì tí ó wà ní ìlú náà, tí wọ́n ṣí lọ sí ọgbà rẹ̀ ní 1967, Arieh Sharon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń ga, tí àjà òkè fi ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ní Ìbàdàn, Demas Nwoko, tí iṣẹ́ ọnà ni ó kà ní Zaria, fi erùpẹ̀ tí ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkà ní àwọn ọdún 1970. Ní 2023, wọ́n fi ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà dá a lọ́lá ní Venice fún iṣẹ́ ìgbà ayé rẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú

Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 mú ilé onígíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù gbilẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í pa ooru. Ńṣe ni ó ń kó o láti inú yàrá dà sí ìta, iná mànàmáná ni ó sì ń jẹ. Nígbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gba iṣẹ́, a ó sì tún máa sun epo. Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ Mansẹ́sítà ti padà wúlò: yàrá tí a bá fi ẹ̀rọ mú tutù nílò ògiri àti òrùlé tí kì í jẹ́ kí ooru ìta jò wọlé. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi agbára ṣòfò. Ìlànà kò lè dá ṣiṣẹ́ bí olùkọ́ kò bá kọ́ni ní ìdí rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ètò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun àìlèyípadà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé ohun tí òun ń kọ́ kò bá ilé òun mu. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun dé. Olùkọ́ tí ó bá pa irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ti dí ọ̀nà ìmọ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ ń làágùn ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ooru ti bẹ̀rẹ̀: níbo ni oòrùn ti ń wọlé, níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ni wọ́n fi ṣe òrùlé? Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.