Ìṣe Ló Yẹ Kó Ṣáájú Orúkọ: Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Wíwọ́ Àbínibí ní Èdè Yorùbá

Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bá bí, a máa ń rí ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́ láti inú oyún. Gìgísẹ̀ á ká sókè, àtẹ́lẹsẹ̀ á kọjú sínú, bí ẹni pé ó ń wo ẹsẹ̀ kejì. Clubfoot ni àwọn dókítà ń pè é. Ìyá ìkókó tó bá gbéra ní Fọlá Àgòrò l'Ékòó kò ní pẹ́ dé Ìgbóbì, níbi tí ilé ìwòsàn egungun ti wà láti 1945. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ ni yóò gbé padà sílé, tí yóò sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, Yorùbá ni yóò sì fi sọ ọ́.

Orúkọ ni àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ yìí, ìṣe ló yẹ kó ṣáájú, torí ohun tí a bá ní kí ọwọ́ ṣe ni ọwọ́ yóò ṣe.

Ẹsẹ̀ lè ṣẹ́, ó lè yẹ̀, ó lè rọ́, àwọn tó ń to eegun sì mọ èyí tó kàn wọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ ìkókó yìí kò ṣẹ́, kò yẹ̀, kò rọ́. Ó wọ́ ni. Kò sí eegun tí a fẹ́ tò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ “ẹsẹ̀ wíwọ́ àbínibí”. K-leg tí wọ́n ń pè ní Bàríga kọ́ nìyí o, ti orúnkún nìyẹn. Arọ àti amúkùn-ún kò tiẹ̀ yẹ kó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Orúkọ ẹni tí a ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà ni méjèèjì, àwọn baba wa sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, ẹni Ọbàtálá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè tọ́ kò tíì débẹ̀.

Ignacio Ponseti, dókítà ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa l'Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ọwọ́ àti POP (plaster of Paris) lè tún ọ̀pọ̀ jù lọ irú ẹsẹ̀ yìí ṣe láìsí iṣẹ́ abẹ ńlá. Ó ti ń ṣe é láti ìparí àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé rẹ̀ ti 1996 ni ọ̀pọ̀ dókítà tó gbà á.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò kọ́kọ́ gbé ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè kí iwájú ẹsẹ̀ lè bá ẹ̀yìn dọ́gba; lójú ìyá, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ tún ń wọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, yóò fi àtàǹpàkò ọwọ́ ti egungun kan tó yọ gọnbu níwájú kókósẹ̀ lápá òde, kò ní jẹ́ kó mì, ọwọ́ kejì á sì máa rọra darí iwájú ẹsẹ̀ síta. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n á wá fi POP dì í láti ọmọ ìka dé itan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ṣe; ó sábà máa ń tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Kí ni ká pe iṣẹ́ ọwọ́ yìí? Bí a bá pè é ní fífà, ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ yóò fà á. “Na” fẹ́ ṣe é, àmọ́ bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ó di “nà”, ó di ọ̀rọ̀ ẹgba. “Ìfọwọ́tọ́” dùn létí, torí a máa ń tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ “fọwọ́ tọ́ ọ” yóò rò pé kí òun kàn án ni. “Ìfọwọ́darí” ni mo yàn. Ẹni tó ń darí nǹkan kì í já a gbà.

Gìgísẹ̀ sábà máa ń kọ̀ láti sọ̀. “A máa gé iṣan rẹ̀” kò dára létí ìyá, ẹ̀jẹ̀ ni yóò rò. “Okùn gìgísẹ̀” yé ni jù: wọ́n á gé e, POP ìkẹyìn á wà lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, okùn náà á sì so padà, á gùn sí i.

Bàtà onírin ló kàn: bàtà méjì tí ọ̀pá so pọ̀. Wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìgbà oorun nìkan, títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́rin. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣíwọ́, torí ẹsẹ̀ ti tọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, ẹsẹ̀ sábà máa ń wọ́ padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ti bí ẹsẹ̀ yóò ṣe kan ilẹ̀: “ìdúró” kò bá ìkókó tí kò tíì dìde mu. “Ìtẹlẹ̀” ni kí a sọ: ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò fi tẹlẹ̀ ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìléwọ́ fún ilé ìwòsàn, tí ẹ ń gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ “arọ” kúrò, ẹ yọ “fà” kúrò. Kí ẹ sì kọ wákàtí 23 yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà.