Ilé, Orúkọ àti Ìdìbò ní Ìlú Ọba



Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àlejò ọmọdé tó bá wọ agboolé nílé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Ìbéèrè kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bi ẹni tó bá fẹ́ dìbò láyé àtijọ́. Ignatius Sancho, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú wá sí Greenwich ní kékeré gẹ́gẹ́ bí ẹrú, dìbò ní Westminster ní ọdún 1774 àti 1780. Kì í ṣe pé òfin fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú. Sancho ní ilé tó fi ń tajà ní Charles Street ni. Òyìnbó tó ń gbé inú yàrá onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ilé rìbìtì tí wọ́n ya àwòrán sí lára, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Stockwell? Ẹnu ọ̀nà ibi ìsásí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Irú rẹ̀ kan wà ní Clapham South. Ibẹ̀ ni èyí tó lé ní 200 nínú àwọn tó bá ọkọ̀ Empire Windrush dé láti Karíbíánì sùn sí ní oṣù kẹfà ọdún 1948. Ọmọ abẹ́ Ọba ni wọ́n, ẹ̀tọ́ ìdìbò sì jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n láìsí àdírẹ́sì, orúkọ kò lè wọ ìwé àwọn olùdìbò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ibi tí ènìyàn ń gbé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà wa tí onílé lé láti yàrá dé yàrá mọ ohun tí mo ń sọ.

Òfin ọdún 2000 ló tú okùn yìí. Láti ọdún 2001, ẹni tí kò nílé lè kọ ìwé sí káńsù, kí ó fi ibi tó ti ń lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ ṣe àdírẹ́sì. Ì báà jẹ́ bẹ́ńṣì nínú páàkì, ì báà jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbà á. Ìwé náà ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, lẹ́yìn náà a ó tún un ṣe.

Ọdún 2022 ni òfin mìíràn tún dé, pé kí olùdìbò mú ìwé tó ní fọ́tò lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2023 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n jí báàgì rẹ̀ gbé níbi tó sùn sí lójú títì, níbo ni yóò ti rí owó páásípọ́ọ̀tù? Nítorí irú wọn ni káńsù fi ń ṣe ìwé ẹ̀rí olùdìbò tó ní fọ́tò, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ka káàdì Oyster àwọn àgbà tó ti lé ní 60 sí ìwé ìdánimọ̀, wọn kò ka ti ọmọ ilé-ìwé sí i. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, nítorí ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ní àṣẹ láti gbé níhìn-ín lè dìbò. Bí ọjọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá, wọn yóò gbà á, bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ṣì jọ ẹni tó mú un wá. Ẹ tú àpótí yín wò.