Ọmọ Òkè àti Ọkọ̀ Odò: Bí Omi Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ fún Apẹja

Bí ènìyàn bá dárúkọ Ìdáàṣà, òkè ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni a mọ̀ ọ́n sí. Igbó Ìdáàṣà ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn Fọn sì sọ ọ́ di Dassa-Zoumè, nítorí pé “inú igbó” ni Zoumè túmọ̀ sí ní èdè wọn. Láàrin àwọn òkè wọ̀nyí ni ìran Ọmọ Jagun, àtọmọdọ́mọ Jagun Ọlọ́fin, ti jọba. Àpáta ni odi wọn, àpáta ni àmì ìlú wọn, orí àpáta náà sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ dá lé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìdáàṣà kì í ṣe òkúta nìkan. Odò Zou ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, odò Wẹ̀mẹ̀ ni ó wà láàrin Ìdáàṣà àti Ṣábẹ. Kí afárá tó dé, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì ní láti dúró de atukọ̀ létí omi. Ẹja gbígbẹ tí ó wà nínú ọbẹ̀ lórí òkè, inú omi ni ó ti wá. Ìtàn yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ọmọ òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, nílé àti lẹ́yìn odi, tí ọkàn wọn ń fà sí ọkọ̀ ìpẹja kékeré tí ayé ń pè ní káyáàkì.

Ibi ìsádi méjì

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ ń jáde láti Abomey lọ kó ẹrú, àwọn ará Ìdáàṣà sá gun orí àpáta, níbi tí wọ́n ti lè rí ọ̀tá láti òkèèrè. Ní gúúsù, lórí adágún Nokoué, àwọn Tofinu ṣe òdìkejì èyí: inú omi ni wọ́n wọ̀. Wọ́n kọ́ ilé wọn sórí òpó igi ní Ganvié, nítorí ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ ẹ̀sìn kò jẹ́ kí jagunjagun Dànhọ̀mẹ̀ bá ènìyàn jà lórí omi. Ọ̀tá kan náà ni ó lé ọ̀kan gun òkè, tí ó sì lé èkejì wọ omi.

Ibi tí ènìyàn bá sá sí ni ó ń di olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ Ganvié mọ àjẹ̀ lò láti kékeré, nítorí pé ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ sí ọjà àti sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìdáàṣà mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ lórí òkúta tí òjò ti mú kí ó máa yọ̀. Kò sí èyí tí ó gbọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n òkè kì í ṣe ọgbọ́n omi. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ pẹja ní láti kọ́kọ́ gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun.

Odò tí kì í dúró sójú kan

Wẹ̀mẹ̀ ni odò tí ó gùn jù lọ ní Benin. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 510, láti àwọn òkè Tanéka ní àríwá ìwọ̀-oòrùn títí dé àwọn adágún etí òkun. Ní agbègbè Ṣábẹ, omi rẹ̀ máa ń kún bí òjò bá ti ń rọ̀, ó sì máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa fà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta á yọ sí ìta, iyanrìn á hàn, omi díẹ̀ ni yóò sì kù láàrin wọn. Odò kan náà ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó wúlò ní oṣù Kẹsàn-án lè di ẹrù lórí olówó rẹ̀ ní oṣù Kẹta.

Ogun ọdún 1892 fi èyí hàn gbangba. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Ọba Béhanzin yìnbọn sí ọkọ̀ Topaze lórí Wẹ̀mẹ̀, nígbà tí Victor Ballot, aṣojú ìjọba Faransé, wà nínú rẹ̀. Faransé kò gbógun lọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí omi kún ni Ọ̀gágun Alfred Dodds gbéra láti Porto-Novo, tí àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké bíi Topaze, Corail àti Opale ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ lórí odò. Wọ́n ja ìjà Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹwàá wọ́n fi odò sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì wọ Abomey ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá. Ìṣubú Abomey ni ó mú ìbẹ̀rù ogun akónilẹ́rú kúrò lórí àwọn òkè Ìdáàṣà. Àwọn tí wọ́n ní ìbọn ńlá pàápàá kò lè pàṣẹ fún odò. Wọ́n dúró de omi, wọ́n sì mú irú ọkọ̀ tí omi náà lè gbé.

Igi tí ó di ọkọ̀

Ọ̀pẹẹrẹ, ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyí. Ní ọdún 1987, darandaran kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe ní Nàìjíríà, kan ọkọ̀ igi nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbàárin (8,000) ọdún, ó sì gùn ju mítà 8 lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ gbígbẹ́ kì í ṣe ohun tí àlejò kan gbé wọ Áfíríkà.

Agbẹ́kọ̀ kì í ṣàdédé gé igi. Àràbà fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jẹrà. Ìrókò wúwo, ó sì le fún àáké, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ẹni tí yóò máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lórí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fẹ́ èyí tí ó fúyẹ́. Ẹni tí yóò máa gbé èrò àti ẹrù sọdá yóò fẹ́ èyí tí ó lágbára. Lónìí, igi ńlá ti dín kù nínú igbó, pákó tí a kàn pọ̀ sì ti gba ipò igi kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí igi bá ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ ń tán.

Ọkọ̀ àwọn ará ilẹ̀ yìnyín

Káyáàkì náà ní ìran tirẹ̀. Àwọn Inuit ti Greenland, àríwá Kánádà àti Alaska ni wọ́n ni ín. Ibi tí wọ́n ń gbé kò ní igi ńlá. Nítorí náà wọ́n fi igi tí òkun gbé wá sí èbúté tàbí egungun ẹran òkun ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n sì fi awọ bò ó. Ẹnì kan ni ó ń jókòó sínú rẹ̀ láti ṣọdẹ. Ara ẹni tí yóò wà á ni wọ́n fi ń wọn ọ́n: ìnà apá mẹ́ta ni gígùn rẹ̀ ní ibi púpọ̀, ìbú ìdí ọdẹ náà pẹ̀lú ìkúùkù méjì sì ni ìbú rẹ̀. Ní ọdún 1907, Johann Klepper bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tí ó ṣeé ká fún títà ní Jámánì. Lẹ́yìn náà ni ike dé, tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní ìwọ̀n kan náà. Láti ìgbà náà ni olùrà ti ní láti ṣe fúnra rẹ̀ ohun tí agbẹ́kọ̀ ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀: kí ó wo omi rẹ̀, kí ó wo ara rẹ̀, kí ó tó yan ọkọ̀.

Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ ní láti béèrè

Ìbéèrè kìíní ni ti omi. Lórí omi tí ó dákẹ́ bí adágún, ọkọ̀ tí ó fẹ̀ tí kò sì gùn jù ni ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í tètè yí. Ọkọ̀ gígùn tóóró máa ń yára, ó sì dára fún ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ó máa ń mì lábẹ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wà. Ọ̀pọ̀ káyáàkì ìpẹja gùn tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, ìbú wọn sì sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Lórí odò olókùúta bíi Wẹ̀mẹ̀ nígbà tí omi bá fà, èyí tí ó kúrú ni ó rọrùn láti yí padà láàrin àwọn òkúta.

Ìbéèrè kejì ni ti ìjókòó. Àwọn kan wà tí ènìyàn ń jókòó sínú wọn, àwọn mìíràn sì wà tí ènìyàn ń jókòó sórí wọn. Nínú ooru ilẹ̀ Benin, èyí tí a ń jókòó lé lórí ni ó sàn jù fún olùbẹ̀rẹ̀: ihò ara rẹ̀ ń jẹ́ kí omi ṣàn jáde, ẹni tí ó bá sì ṣubú lè gun un padà láìsí pé ó ń gbọ́n omi.

Ìbéèrè kẹta ni ti ẹrù. Olówó ọkọ̀ ní láti ro ìwúwo ara rẹ̀, ti irinṣẹ́ àti ti ẹja papọ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ má dé òpin ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Ìbéèrè kẹrin ni ọmọ òkè sábà máa ń gbàgbé: ta ni yóò gbé e dé odò? Púpọ̀ nínú wọn wúwo tó kílò 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, zémidjan kò sì lè gbé e. Ọkọ̀ tí ẹnì kan kò lè gbé kúrò nílé kì í pẹ́ tí yóò fi di ibùgbé adìyẹ.

Kí àjẹ̀ tó kan omi

Kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ kí àwọn tí odò wà ní ìkáwọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ abúlé etí omi, baálé àti àwọn apẹja mọ ibi tí ó jẹ́ ojúbọ, ibi tí omi ti ń fa ènìyàn, àti bóyá erinmi wà nítòsí. Kò sí ìwé tí ó lè rọ́pò ìmọ̀ yẹn.

Kí ó wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, kí ó sì dè é dáadáa. Èyí tí ó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó fi ìwọ̀ sílẹ̀ nílé. Létí bèbè tí omi kò jìn, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, kí ó sì kọ́ bí a ti ń gun ọkọ̀ padà, títí ìbẹ̀rù yóò fi kúrò. Àwọ̀n jíjù gba dídúró, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ olùbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀ àti okùn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, ní ìjókòó. Kí ó má ṣe dá lọ. Kí ó sọ fún ará ilé ibi tí ó ń lọ àti ìgbà tí yóò padà. Bí odò bá kún tí ó ń gbé igi lọ, tàbí tí òjò ṣú, kò sí ẹja tí ó tó ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí wá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn ọmọ Ìdáàṣà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Wẹ̀mẹ̀ lè mú ohun mìíràn dání padà yàtọ̀ sí ẹja. Àwọn àgbà ṣì wà létí odò tí wọ́n mọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń sọdá kí afárá tó dé, irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ bàbá wọn, àti ibi tí ìgèrè ti máa ń kó ẹja. Kí àwọn ọ̀dọ́ béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e wá fún ẹgbẹ́, kí ìtàn omi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn àpáta nínú ìrántí ìlú. Kí odò má gbé ọmọ Ìdáàṣà kankan lọ.