Àkàbà Oṣòdì Tápà

Ọmọ agégẹdú ni Julien Sorel tí Stendhal kọ ìtàn rẹ̀ nínú Le Rouge et le Noir lọ́dún 1830. Orí rẹ̀ pé, ó gbọ́ Látìn, ó wọ aṣọ àlùfáà dé ilé ọlọ́lá ní Paris, síbẹ̀ wọ́n bẹ́ ẹ lórí nígbẹ̀yìn. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó ayé ìgbà náà ìbá bi í léèrè pé: àwọn èèyàn rẹ dà? L'Ékòó, ẹni tó tẹ̀lé ọ ni àkàbà rẹ. Tápà tí wọ́n mú wá ṣẹrú lábẹ́ Ọba Òṣìnlókun ni Oṣòdì, ó sì di olóyè àti ọ̀gágun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé Èkó ní 1851 tí Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Oṣòdì bá a lọ. Ní 1862 ó kó agbo rẹ̀ padà, wọ́n sì tẹ̀dó sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, agbo-ilé 21.

Àwọn kan á ní owó ni, kì í ṣe èèyàn. Wọ́n á nawọ́ sí Táíwò Olówó, ọmọ Ìṣẹrì tó dé Èkó ní 1848. Ṣùgbọ́n báwo lowó ṣe ń wọlé? Òun ni baba ìsàlẹ̀ àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti òkè, ẹni tó sì rí ṣe tún ń fowó náà kó èèyàn jọ. Ti àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, yàtọ̀ díẹ̀: ìwé gbé wọn ga, wọ́n ti ní Grammar School láti 1859. Àtakò tó le jù ni ti ìran. Òótọ́ ni, ẹrú kò lè jọba, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí fún Oṣòdì rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbà wọlé.

Ohun tí mo kà sí àbùkù àkàbà yìí ni pé ẹ̀yìn ọmọlàkejì ni wọ́n fi kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé Oṣòdì, ẹrú ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn ló sì di àrọ́ta. Oṣòdì kú ní 1868. Lọ́dún kejì ìjọba fún àwọn olórí agbo-ilé mọ́kànlélógún náà ní ìwé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀: olóyè Oṣòdì àti àwọn ará agbo-ilé ṣẹjọ́ lórí ẹni tó ni ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹjọ́ náà sì dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930.